Aago Tí Waris Bọ́ Kó Tó Jà

Gilbert kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Waris fi bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn kíláàsì àṣekágbá ni wọ́n wà, ní ilé ẹ̀kọ́ girama wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àkókò ìsinmi ni, àwọn kan ń jẹ búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Gilbert ní òun rí bàbá Waris ní téṣàn ọlọ́pàá ní Òdógbolú, wọ́n ní ó lu èrò tó wọ kẹ̀kẹ́ Máruwá rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti dá bàtà rẹ̀ padà fún un," ni Gilbert wí, "àbí ó ṣì jókòó sẹ́yìn káńtà pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán?"

Àwọn tó ń jẹ búrẹ́dì rẹ́rìn-ín. Waris na aago náà sí Abdulhakeem ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ti Gilbert láyà. Gilbert ṣubú sẹ́yìn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbá etí gọ́tà. Gbogbo wọn ló gbọ́ bí egungun ọwọ́ náà ṣe kán. Ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nílé Waris, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bàbá bàbá rẹ̀ ti fi ọkọ́ ṣá ènìyàn rí nítorí ààlà ilẹ̀. Sàlàkọ́, bàbá rẹ̀, kò lè lo oṣù méjì kó má jà. Láti kékeré, bí Waris bá ti dọ̀bálẹ̀ kí ìyá àgbà rẹ̀, Ràmọ́tà, láàárọ̀, ohun tí ìyá náà fi ń kì í ni, "Waris, ọmọ abínú-faṣọ-ya, ọmọ ajà-má-wẹ̀yìn." Orí Waris a máa wú. Bó bá lu ẹnikẹ́ni, wọn a ní ẹ̀jẹ̀ ni, kádàrá ni, bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn. Òun náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn láti gbà.

Ìyáàfin Adélékè, igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ló ṣàlàyé fún Sàlàkọ́, tí àwọn ọlọ́pàá ti tú sílẹ̀, pé ìgbìmọ̀ ìbáwí yóò jókòó lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Bó bá jẹ́ pé ìbínú òjijì ló gbé ọmọ náà, wọn yóò nà án, yóò tọrọ àforíjì, yóò sì ṣe ìdánwò. Bó bá jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kò ní wọ ọgbà náà mọ́, ìdánwò ọdún yìí sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Sàlàkọ́ ní kò sí wàhálà. Ó ní òun yóò sọ fún wọn pé àìsàn ìdílé ni, bíi ti àwọn tó ní wárápá. Ó sì kọ́ Waris ní ohun tí yóò sọ: ojú mi ṣú, mi ò mọ ohun tí mo ṣe.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Abdulhakeem dá aago náà padà. Ìyá àgbà ń yan gààrí lẹ́yìnkùlé, Waris ń ti igi sínú iná fún un.

"Kí ni aago rẹ ń wá lọ́wọ́ Abdulhakeem?" ni Ràmọ́tà bi í.

"Mo bọ́ ọ fún un ni, Ìyá Àgbà."

"Nígbà wo?"

"Kí n tó ti Gilbert."

"Kí ló dé tí o bọ́ ọ?"

Waris kò ronú kó tó dáhùn. "Kó má baà fọ́."

Ràmọ́tà gbé igbá tó fi ń ro gààrí sílẹ̀. Gààrí tó ti kan fún ọjọ́ mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí jóná nínú agbada, kò sì wò ó.

"Ojú tó ṣú, báwo ló ṣe rí okùn aago tú? Nígbà tí o mọ̀ pé aago lè fọ́, o mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ lè kán."

Waris ní òun kọ́ ló pe ìbínú náà wá. Ìyá àgbà ní òótọ́ ni, kò pè é. Ó wá bi í bóyá ó ti lu ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rí. Waris ní rárá. Ọlọ́pàá ńkọ́? Rárá. Ó bi í pé ṣé àwọn wọ̀nyẹn kò mú inú bí i rí ni. Waris ní wọ́n ti bí òun nínú rí.

"Èmi ni mò ń kì ọ́ láràárọ̀," ni ìyá náà wí. "Mo rò pé mò ń kẹ́ ọmọ ni. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà á, mi ò sì ní kì ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìwọ náà, gbé tìẹ. Bí o bá sọ fún wọn lọ́la pé kì í ṣe ìwọ lo ṣe é, wọ́n á jẹ́ kí o ṣe ìdánwò. Bí o bá wá yege, ta ni kí wọ́n fún níwèé ẹ̀rí?"

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ènìyàn márùn-ún ló jókòó nínú ọ́fíìsì ọ̀gá. Gilbert wà níbẹ̀, báńdéèjì fi ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn, Mọ́ṣádé ìyá rẹ̀ jókòó tì í. Sàlàkọ́ sọ ti àìsàn ìdílé, ó sì sọ ọ́ dáadáa. Olùkọ́ kan tilẹ̀ ń mi orí pé ó yé òun. Wọ́n wá ní kí Waris sọ tẹnu rẹ̀. Bàbá rẹ̀ rọra tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Ojú mi kò ṣú, mà," ni Waris wí. "Mo bọ́ aago mi kí n tó tì í. Mo ráyè ronú. Èmi ni mo ṣe é."

Sàlàkọ́ dìde, ó jáde. Mọ́ṣádé yíjú sí Waris.

"O ṣeun tí o sọ òótọ́," ló wí, "ṣùgbọ́n òótọ́ yẹn kò lè to eegun ọmọ mi."

Wọ́n lé Waris. Gilbert náà kò lè di bírò mú, ìdánwò kọjá lórí àwọn méjèèjì. Ó ku èyí tí àwọn tí kò sí nílé ẹ̀kọ́ máa ń ṣe níparí ọdún. Waris lọ sílé Gilbert ní Ayépé, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa bá a kọ ìwé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Mọ́ṣádé lé e. Nígbà kẹta, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Láti ọjọ́ náà, Waris ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sán, Gilbert á máa kà, òun á máa kọ.

Frederick, ẹ̀gbọ́n Gilbert, kò dárí jì í. Lọ́jọ́ kan tí ìyá wọn kò sí nílé, ó gbé omi tí wọ́n fi fọ aṣọ jáde, ó dà á sórí ìwé tí Waris ń kọ. Ojú ewé mọ́kànlá ló bàjẹ́.

"Jà," ni Frederick wí. "Jà ká rí i, ọmọ Sàlàkọ́."

Etí Waris gbóná. Ìkúùkù rẹ̀ ti dì. Frederick kúrú jù ú lọ, kò sì sí àgbàlagbà kankan nítòsí. Inú ń bí i bó ṣe máa ń bí i tẹ́lẹ̀, kò dín rárá. Ó la ọwọ́ rẹ̀. Ó gbọn omi kúrò lára ìwé náà, ó sá a sóòrùn, ó mú ìwé mìíràn.

"Gilbert, kà á láti ìbẹ̀rẹ̀."

"O ò wá ṣe ọmọ Sàlàkọ́ mọ́ nìyẹn?" ni Frederick bi í.

"Ọmọ rẹ̀ ni mí," ni Waris dáhùn, kò gbójú sókè. "Gilbert, máa kà."

Ó lè jẹ́ pé a ti kọ ìbínú mọ́ ènìyàn kí wọ́n tó bí i. Kò sẹ́ni tó lè sọ dájú. Waris kò yan bàbá tó bí i, kò sì yan inú tó ń gbóná. Ṣùgbọ́n òun ló na ọwọ́ tó fi ti Gilbert, òun náà ló sì fi ọwọ́ yẹn kan náà kọ ojú ewé mọ́kànlá lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí ẹ bá fi ọwọ́ yín ṣe, ẹ pè é ní tiyín.