Idẹ Inú Òwú

Ọ̀jẹ́lékè kú lọ́sàn-án gangan, nínú agboolé Láńlókè ní Òmù-Àrán, lójú gbogbo ènìyàn. Ó fi ọwọ́ kan di okùn ẹ̀rọ tí Láńlókè fi ń dá àwọn ènìyàn lára yá mú, ó fi èkejì kan ìgò ara rẹ̀. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó ṣubú.

Ọdẹ́wálé, olórí ọdẹ, ni ọba rán wá. Àpínkẹ́, ìyàwó Láńlókè, kúnlẹ̀ gbé omi fún un. Igi ìgbálẹ̀ ló fi dí ihò etí rẹ̀ dípò yẹtí.

Ọdẹ́wálé yẹ àtẹ́lẹwọ́ òkú wò. Ó jóná.

"Láńlókè, kí lo fi pa á?"

"N ò pa á, Bàbá." Láńlókè, tó gbé ẹ̀rọ náà bọ̀ láti Èkó, nawọ́ sí i. "Bí mo bá yí kẹ̀kẹ́ dígí yìí, iná bíi ti mànàmáná á kún inú àwọn ìgò. Ó lè pa ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń so okùn òwú tútù mọ́ ọn. Òwú kì í jẹ́ kí iná rọ́ luni. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ́ kó kọjá. Ara á kàn gbọ̀n rìrì. Ọ̀pọ̀ ló ti dì í mú lónìí, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín."

Ọdẹ́wálé gbé okùn náà. Ó wúwo ju òwú lọ. Ó fi ọ̀bẹ là á. Okùn idẹ tín-ín-rín kọ mànà nínú rẹ̀.

"Yéè!" ni Láńlókè wí. "Idẹ kì í dá iná dúró. Gbogbo rẹ̀ ló rọ́ lù ú lẹ́ẹ̀kan náà!"

Wọ́n pe Gana, Nupe tó ń ta idẹ.

"Ìwọ àti òkú yìí jà lọ́jà," ni Ọdẹ́wálé wí.

"A jà, Bàbá. Ó fẹ́ gba ẹrù mi. Ṣùgbọ́n Àpínkẹ́ ló ra okùn idẹ lọ́wọ́ mi. Ó ní yẹtí lòun fẹ́ fi ṣe."

Ọdẹ́wálé yíjú sí obìnrin náà.

"Yẹtí ọ̀hún dà?"

Àpínkẹ́ fọwọ́ kan igi ìgbálẹ̀ etí rẹ̀.

"Ta ló rẹ okùn sómi kó tó kan Ọ̀jẹ́lékè?"

"Èmi ni. Mo gbé okùn tòótọ́ wọlé, mo gbé èyí jáde. Èmi ni mo fi òwú bo idẹ."

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Nígbà tí ajẹ́lẹ̀ Ìlọrin wà lórí wa, Ọ̀jẹ́lékè ni ìránṣẹ́ rẹ̀. Òun ló wọ́ Mọ́láyọ̀, ọmọ mi, lọ láti ojú odò. Ajẹ́lẹ̀ ti kó lọ. Mọ́láyọ̀ ò padà. Ọ̀jẹ́lékè wá ń jókòó nílé mi, ó ń mu omi mi, ó ń bi mí bóyá n ò bímọ rí."

Láńlókè di orí mú. "Àpínkẹ́, èmi ni wọn ì bá pa!"

"Ìwọ náà mọ ẹni tó wọ́ ọmọ wa lọ," ni Àpínkẹ́ wí. "O sì ń pè é wá ṣeré."

Ó dìde, ó ṣáájú wọn lọ sáàfin. Kò sẹ́ni tó fà á.