Àga Tó Ń Rìn Lọ́sàn-án

Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi aránṣọ náà. Ó wà láàyè, ojú rẹ̀ ló ṣe, kò sì fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré rí.

Àbúrò rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún ni, àìsàn ọkàn ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, èémí rẹ̀ kúrú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ṣàìsàn rárá. Á pín oúnjẹ rẹ̀ fún ẹni tí kò ní àlejò. Á máa bá nọ́ọ̀sì jà nítorí ẹni tí wọn kò tètè dá lóhùn. Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Sójà.

"Sójà, ta ló rán ẹ níṣẹ́?" nọ́ọ̀sì á bi í.

"Èmi ni mo rán ara mi, mà."

Ojoojúmọ́ ni aránṣọ ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá sí wọ́ọ̀dù, á jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì àbúrò rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ nípa àga. Àga onígi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò sẹ́ni tó ń jókòó lé e. Lọ́sàn-án, tí gbogbo èèyàn bá ti sùn lọ, á kúrò láyè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n bá ti bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tó wà lórí rẹ̀ kò ní rí àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá àgbà kan ti lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e náà lọ. Nọ́ọ̀sì ti àga náà mọ́ yàrá ẹrù. Kò pẹ́, àga ti padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Ta ló gbé e wá?" aránṣọ bi í.

"Ẹ má bi mí." Nọ́ọ̀sì kò wo ojú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fáànù ṣàdédé dúró. Ariwo ìta náà dákẹ́. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ aránṣọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbéra mọ́.

Gììì.

Igi ń wọ́ nílẹ̀.

Gììì.

Àga náà dúró ti bẹ́ẹ̀dì ìyálọ́mọ kan. Ọmọ tuntun obìnrin náà kò tíì lè gbé ọrùn. Ìyá ń sùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Sójà sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó di àga náà mú, ó fi gbogbo agbára wọ́ ọ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀.

"Kí lò ń ṣe yìí?"

"Mò ń gba ìyẹn sílẹ̀, Àǹtí."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ṣebí dókítà ti sọ tèmi. Ìwọ̀nba ẹ̀mí tó kù, ẹ jẹ́ n fi ṣe nǹkan." Ó kọjú sí àga. "Àbí o ò gbọ́? Èmi ni kí o mú. Mú mi, tó bá dá ẹ lójú."

Aránṣọ fẹ́ gbé àga náà sọ síta. Kò gbéra nílẹ̀. Ó wúwo bí ẹni pé èèyàn jókòó sí i. Ó fọwọ́ kan ìjókòó rẹ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Sójà kò kú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyálọ́mọ béèrè oúnjẹ.

Bí wọ́n ṣe ń bá a yí nìyẹn. Àga á lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, Sójà á wọ́ ọ padà, á máa bú u bí ẹni bú olè. Kò sẹ́ni tó kú ní wọ́ọ̀dù mọ́. Ṣùgbọ́n èémí tirẹ̀ ń kúrú sí i. Aránṣọ bẹ̀ ẹ́, ó sunkún, ó halẹ̀. Ọmọ náà kọ̀ jálẹ̀.

Ó wá di ọ̀sán kan tí Sójà kò lè dìde. Fáànù dúró. Gììì. Àga lọ bá obìnrin kan tí kì í dáhùn ìkíni, tó ti ṣépè fún Sójà rí nítorí ariwo.

"Àǹtí, ẹ bá mi wọ́ ọ wá."

"Láéláé! Nítorí ìyẹn? Kí n fi ọwọ́ ara mi gbé ikú wá bá ẹ?"

"Ìyẹn náà lè ní ẹ̀gbọ́n, Àǹtí."

Aránṣọ wò ó. Ó rìn lọ sídìí àga. Kò wọ́ ọ. Ó kẹ̀yìn sí i, ó sì jókòó lé e.

Itan ló bá nísàlẹ̀. Itan èèyàn, tó gbóná. Nǹkan mí sí i lọ́rùn.

"Mi ò ní dìde," ó ní. "Kí o tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni níbí, èmi lo máa kọ́kọ́ gbé."

Ó pẹ́. Itan náà yọ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Igi tútù ló kù. Ẹsẹ̀ kan tí kò wọ bàtà rìn kọjá lórí símẹ́ǹtì, pẹ́tẹ́, pẹ́tẹ́, títí dé ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn ṣí. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Sójà gbórí sókè lórí ìrọ̀rí. "Lọ sọ fún ẹni tó rán ẹ! Sọ fún un pé àwa méjì ni!"

Fáànù tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Obìnrin náà jí, ó pòṣé, ó ní ariwo wọn ti pọ̀ jù.

Nígbà tí aránṣọ dé lọ́jọ́ kejì, ó bá nọ́ọ̀sì láàárín wọ́ọ̀dù, ọwọ́ lórí. Ó kàn nàka sí fèrèsé.

Àga méjì ló wà níbẹ̀.

Sójà wò wọ́n títí. Ó ṣí aṣọ ìbora, ó sọ ẹsẹ̀ wíwú náà kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àǹtí," ó ní, "èwo lẹ máa mú?"