Iná Fíríìjì Àmínù

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan lọ́dún 1969, àwọn ìyá ọlọ́mọ kún bẹ́ńṣì ilé ìwòsàn káńsù kan ní Òṣogbo, wọ́n wá forúkọ ọmọ wọn sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ èéyi yóò dé láti Ìbàdàn lọ́sàn-án, wọn yóò sì gún àwọn ọmọ lọ́jọ́ kejì.

Àmínù wà ní yàrá ẹ̀yìn, níbi tí fíríìjì abẹ́rẹ́ wà. Kì í ṣe iná mànàmáná ni fíríìjì náà ń lò. Àtùpà kẹrosíìnì tó ń jó lábẹ́ rẹ̀ ló ń mú un tutù. Ọdún mẹ́fà ni Àmínù ti ń tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìjẹta ni kò ti tutù mọ́. Àmínù fa òwú àtùpà sókè sí i, iná pọ́n wàì.

“Bàbá Àdíját, ẹ kúuṣẹ́ o.” Phebe, nọ́ọ̀sì ọmọ Iléṣà, ló wọlé, ó ń kí Àmínù. “Wọ́n tún ti pè yín sí ẹ̀kọ́ ìtọ́jú fíríìjì ọlọ́sẹ̀ méjì n'Íléṣà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé!”

“Kí n gbé irùngbọ̀n yìí lọ sí kíláàsì? Sístà, kí n tó padà dé, wọ́n á ti fi ẹlòmíì sípò mi.”

“Àbí irùngbọ̀n ló ń mú fíríìjì tutù?” Ó ń rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kan ìgò omi inú fíríìjì. Ẹ̀rín tán lójú rẹ̀. “Èyí lọ́ wọ́ọ́rọ́!”

“Mo ṣáà ń fi iná kún un.”

“Hàà! Ẹ wo bó ṣe pọ́n. Iná tó bá pọ́n báyìí, èéfín ló ń rú. Èéfín ti dí ihò tí ooru ń gbà gòkè lẹ́yìn rẹ̀, fíríìjì kò sì lè tutù láìjẹ́ pé ooru gòkè. Iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré, kí àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi aró.”

Àmínù bẹ̀rẹ̀, ó wo iná náà. “Bá a bá kó abẹ́rẹ́ sínú rẹ̀ báyìí ńkọ́?”

“Á bàjẹ́, ojú ò sì ní rí i. A ó gún ọmọ, ìyá rẹ̀ á fọkàn balẹ̀, èéyi á tún mú un.”

Àmínù pa ilẹ̀kùn fíríìjì dé. “Sístà, mẹ́sẹ́ńjà ni mí tẹ́lẹ̀. Wọ́n kàn ní kí n máa bu kẹrosíìnì sí i ni. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Nígbà tí wọ́n wá ń pè mí ní ọ̀gá, ojú ń tì mí láti béèrè.”

Wọ́n pa iná náà, wọ́n ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ihò. Ẹ̀gbin èéfín dúdú já sílẹ̀ bí iyẹ̀pẹ̀. Wọ́n gé òwú, wọ́n tún tan àtùpà náà. Ṣùgbọ́n fíríìjì kì í tutù lójijì. Nígbà tí mọ́tò Ìbàdàn dé, Àmínù fúnra rẹ̀ ló sọ fún awakọ̀ pé kó má sọ ẹrù kalẹ̀, kó gbé abẹ́rẹ́ lọ sí fíríìjì ọsibítù ńlá di Ọjọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ló dúró níwájú àwọn ìyá.

“Ẹ jọ̀ọ́, ó di Ọjọ́bọ̀. Èmi ni mo ṣàṣìṣe.”

“Ẹ̀ṣẹ̀ tìẹ, ẹsẹ̀ tèmi ló tún máa rìn ín!” obìnrin kan ló ké bẹ́ẹ̀. Àmínù tẹrí ba, ó gbà á bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wọ mọ́tò Iléṣà.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ káńsù, bí wọ́n bá pè yín sí ẹ̀kọ́, ẹ lọ. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ yọ yín nípò. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má fi ẹnikẹ́ni sídìí iṣẹ́ tí ẹ kò kọ́ ọ, ẹ sì jẹ́ kó lè béèrè láìtijú. Ohun tí òṣìṣẹ́ kan kò mọ̀, ọmọ ọlọ́mọ ló ń jìyà rẹ̀.