Èdìdì Ara Ìwé Ẹ̀rí Adékọ́lá

Dùnsìn ti ilẹ̀kùn, ó tẹ́ ìwé ẹ̀rí Adékọ́lá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sórí tábìlì, ó sì mú abẹ fẹ́lẹ́ tuntun jáde. Màmá wọn wà nípàdé àwọn obìnrin ìjọ. Adékọ́lá lọ gẹ irun, nítorí àyẹ̀wò ìwé fún iṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ìṣirò ló gbé Dùnsìn ṣubú nínú ìdánwò àṣekágbá, ojú sì ń tì í láti jẹ́wọ́ nílé. Jonah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tẹ̀wé lọ́nà Emure-Ile, ti fọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Ayédèrú ìwé ẹ̀rí tìẹ ò ṣòro láti tẹ̀," ló wí. "Èdìdì tó ń pàwọ̀ dà yẹn lọwọ́ mi ò tó. Ṣí ti ẹ̀gbọ́n ẹ wá. Màá fi bébà dídán dípò ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fura."

Àwọn ìlà tín-ín-rín tí ojú ò lè rí ni wọ́n fín sára èdìdì náà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn wọ́n, á pín sí oríṣiríṣi àwọ̀. Dùnsìn yí i síhìn-ín, ó di àwọ̀ ewé. Ó yí i sọ́hùn-ún, ó pọ́n. Ó wá ki abẹ bọ abẹ́ rẹ̀, ó fà á.

Èdìdì ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Ìdajì lẹ̀ mọ́ ìwé, ìdajì tó kù fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí olè má baà rí i lò. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà, ó sì dá ìwé náà padà sínú fáìlì Adékọ́lá.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Adékọ́lá ń wọ bàtà, fáìlì wà lábíyá rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ kan bá gbé ìwé yẹn sójú ìmọ́lẹ̀, wọ́n á mú un bí oníjìbìtì. Dùnsìn kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Èmi ni mo ba ìwé yín jẹ́."

Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Adékọ́lá yọ ìwé náà, ó yí i lójú fèrèsé, ó sì jókòó pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan.

"Ọdún mẹ́ta ni mo fi wá iṣẹ́ yìí, Dùnsìn."

Kò lù ú, kò bú u. Ìyẹn gan-an ló dun Dùnsìn jù.

Kí ìwé mìíràn tó dé, wọ́n ti gba ẹlòmíràn síṣẹ́. Dùnsìn padà sídìí ìṣirò, ó tún ìdánwò ṣe, ó sì yege, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó fìdí rẹmi lè tún gbìyànjú. Àbùjá tí à ń gbà nítorí ìtìjú ló burú, nítorí ẹni tó fẹ́ràn wa ni ẹ̀gún ibẹ̀ sábà máa ń gún.