Bùréèkì Tí Ẹnikẹ́ni Kò Tẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mẹkáníìkì tó ṣojú rẹ̀ ṣì wà láyé, kì í sì í purọ́: bí o bá gbé ọkọ̀ tí kò bàjẹ́ lọ bá a, á ní kí o máa gbé e lọ.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ni ọkọ̀ náà, ọkọ̀ kékeré tí ìdí rẹ̀ gé kúrú, tí táyà iwájú ń fà. Eré ìje ló fi ń sá. Wọ́n ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, wọ́n ti fi sípíríǹgì líle sí i. Ohun kan ló kù tó ń bí i nínú: kọ̀ǹpútà kékeré tó máa ń fúnra rẹ̀ di bùréèkì mọ́ táyà kan nígbàkígbà tí ìdí ọkọ̀ bá fẹ́ yọ̀ ní kọ́nà.

"Bọ̀dá, ẹ bá mi yọ ọ́. Kò jẹ́ kí n sáré bó ṣe wù mí."

"Ohun tó ń gba ẹ̀mí là lo fẹ́ yọ?"

"Ẹ ṣáà yọ ọ́."

Ó yọ ọ́. Ó fi téèpù di ẹnu àwọn wáyà rẹ̀.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sí ojú ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti tì pa. Kò sí ẹyẹ, kò sí atẹ́gùn. Àbúrò ló ń wà á, mẹkáníìkì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó tì í. Kọ̀ǹpútà náà wà lórí itan ẹ̀gbọ́n, ó tutù.

Ní kọ́nà kẹta, táyà ẹ̀yìn apá òsì ké. Ọkọ̀ yà bàrá, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kọjá.

"O tẹ bùréèkì?"

"Rárá."

Ó wo itan rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ṣì wà níbẹ̀.

"Tún ibẹ̀ gbà."

Kọ́nà kan náà. Táyà kan náà ló ké. Àbúrò yí ojú kúrò lára ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n rò pé inú ló ń bí i.

Ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ dúró sínú koríko lẹ́bàá kọ́nà náà, kó lè wo táyà dáadáa. Ọkọ̀ lọ yí padà, ó ń bọ̀. Ó rí i kedere: táyà ẹ̀yìn apá òsì gan, àwọn tó kù ń yí. Ọkọ̀ fi àárín ọ̀nà sílẹ̀, bí ẹni ń yà fún àgbà. Ó dúró. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́.

Àbúrò sọ gíláàsì kalẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ wọlé."

"Kí lo rí?"

"Lẹ́ẹ̀kíní, ẹnì kan dúró láàárín ọ̀nà, ó nawọ́ sókè. Lẹ́ẹ̀kejì náà, bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ sì jókòó tì mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?"

Ẹ̀gbọ́n yíjú. Ó wo ojú ọ̀dà tó tutù. Òfìfo ni.

"Ti ẹ̀ẹ̀kẹta yìí ńkọ́?"

"Ẹ̀yin méjì ni. Èyí tó wà lójú ọ̀nà ò nawọ́ mọ́. Ẹ̀yin ló kọjú sí."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n rọra ń lọ. Ojú àbúrò ò kúrò nínú dígí tó fi ń wo ẹ̀yìn.

"Bọ̀dá."

"Ẹn?"

"Nínú ẹ̀yin méjèèjì, èwo ló wọlé?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, kọ̀ǹpútà ti padà sí àyè rẹ̀. Ìbéèrè yẹn ní tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n ò tíì dáhùn títí di òní.