Máàkì Àánú

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé bírò yín sílẹ̀. Àkókò ti tó."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ń pàṣẹ yìí, ìyá tó bí i lọ́mọ ló sì ń pa á fún. Ìyá náà doríkodò sórí tábìlì ìjẹun, ó ń sáré kọ̀wé bí ẹni tí ajá ń lé. Ó ní gbólóhùn kan péré ló kù. Ọmọ ní kò sí gbólóhùn kankan tó kù, ó na ọwọ́, ó sì fa ìwé náà yọ kúrò lábẹ́ bírò. Ìlà gbọọrọ kan ló gba ojú ìwé kọjá. Àwọn méjèèjì wo ìlà náà, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Ọ́fíìsì àwọn ọ́dítọ̀ ni ìyá yìí ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tó máa ń lọ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn láti wò ó bóyá ohun tó wà nínú ìwé bá ohun tó wà nílẹ̀ mu. Ó ti yege nínú gbogbo ìdánwò iṣẹ́ náà, àfi èyí tó kẹ́yìn tó sì le jù, èyí tó ń sọ èèyàn di ọ̀gá ọ́dítọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti jókòó fún un, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló ti gbé e ṣubú. Máàkì àádọ́ta ni wọ́n ń béèrè. Lẹ́ẹ̀kejì, mẹ́rìndínláàádọ́ta ló gbà. Máàkì mẹ́rin péré ló sọ ọ́ sẹ́yìn odi.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀kẹta ń bọ̀, ó ra ìwé ìbéèrè àtijọ́ tó ní ìdáhùn lẹ́yìn, ó sì fi ọmọ rẹ̀ ṣe olùkọ́. Ọmọ ló ń wo aago, òun náà ló ń fi ìwé ìdáhùn máàkì ohun tí ìyá rẹ̀ kọ. Láti ìgbà náà ni orúkọ rẹ̀ ti di Tíṣà nínú ilé. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, tó sọ yàrá iwájú di ṣọ́ọ̀bù, kò pè é ní orúkọ mìíràn mọ́. Bó bá fẹ́ kó bá òun fi òwú sójú abẹ́rẹ́, á kọ́kọ́ nàka sókè bí ọmọ kíláàsì.

Sátidé àkọ́kọ́, Tíṣà máàkì ìwé náà bó ṣe yẹ. Méjìdínlógójì ló jáde. Ìyá rẹ̀ wo nọ́ńbà náà títí, ó ní bóyá òun ti dàgbà jù fún irú nǹkan báyìí. Obìnrin tó máa ń kọrin láti ibi ìfọbọ́ títí dé ibi ìlọṣọ, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni kò kọrin. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Ní Sátidé kejì, Tíṣà tún máàkì, ó rí ogójì. Ó rí ohun tó fà á pẹ̀lú. Ìbéèrè á sọ ìtàn ilé iṣẹ́ kan, á ní kí o sọ ohun tó yẹ kí ọ́dítọ̀ ṣe níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò ní wo ìtàn yẹn lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ohun tó ti há sórí ló máa dà sílẹ̀. Ó yẹ kí Tíṣà sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó rántí ọ̀sẹ̀ tí orin dákẹ́, àánú ṣe é. Ó bu ààbọ̀ máàkì síbí, ó bu ẹyọ kan sọ́hùn-ún, títí ó fi di méjìléláàádọ́ta.

Inú ilé yí padà lọ́jọ́ yẹn. Ìyá rẹ̀ fi ìgbálẹ̀ jó yí tábìlì ká. Bàbá rẹ̀ pa ẹ̀rọ rẹ̀ kó lè wòran. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé ìgboyà ni òun fún ìyá òun, òun ò purọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fún un ní méjìdínlọ́gọ́ta. Lẹ́yìn náà, mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Lọ́jọ́ tí ìlà gbọọrọ gba ojú ìwé kọjá yìí, ó kọ méjìdínláàádọ́rin síwájú ìwé, ó sì fi bírò pupa fa ìlà róbótó yí i ká.

Ìyá rẹ̀ dì mọ́ ọn. Ó wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ọ́fíìsì ti fún un ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì láti fi kàwé, wọ́n sì ti là á mọ́lẹ̀ pé ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n máa fún un nìyí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ ń wá ẹni tó máa kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe fíríìjì, ní ìlú tó jìnnà díẹ̀. Ẹni tó ń gba méjìdínláàádọ́rin, kí ló tún ń fi ìsinmi ṣe? Ó ní òun máa kọ lẹ́tà, òun á dá ìsinmi náà padà lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn Tíṣà. Ó rò ó pé bóyá ìyá òun á tiẹ̀ yege bẹ́ẹ̀ náà. Bó bá sì dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àmọ́ ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nígbà tó di àárọ̀ Mọ́ńdè, tí ìyá rẹ̀ ti wọ bàtà, tí lẹ́tà ti wà nínú báàgì, Tíṣà dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ má tíì mú lẹ́tà yẹn lọ," ó ní. "Máàkì yẹn kì í ṣe tòótọ́. Èmi ni mo bù ú kún un."

Ìyá rẹ̀ ò pariwo. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, ó jókòó, ó béèrè pé èló gan-an ni. Tíṣà ní mọ́kànlélógójì. Ó béèrè ìdí rẹ̀. Omi ti dà lójú Tíṣà nígbà tó ń ṣàlàyé ọ̀sẹ̀ tí kò sórin nínú ilé.

"Ta ló sọ fún ọ pé mi ò lè gbọ́ òótọ́?" ìyá rẹ̀ ní. "Iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an nìyẹn, ká sọ ohun tí a rí fún ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ọ. Bí ilé iṣẹ́ kan bá ń kú lọ, tí mo ṣàánú wọn, tí mo kọ ọ́ pé ara wọn le, ta ni mo ràn lọ́wọ́?"

Bàbá rẹ̀ ò yíjú kúrò nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá rán aṣọ tó fún oníbàárà mọ́ra, tí mo ní ó bá a mu, ibi tó bá wọ̀ ọ́ lọ ló máa ti ya."

Lẹ́tà náà kò dé ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì gbáko ni ìyá rẹ̀ ò fi pè é ní Tíṣà, èyí sì dùn ún ju ìbáwí lọ. Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tó ti iṣẹ́ dé, ó ní kó kó gbogbo ìwé náà wá, kó sì tún wọn máàkì níṣojú òun. Wọ́n jókòó ti ara wọn. Bírò pupa bẹ̀rẹ̀ sí í fa máàkì yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ìwé kẹta, ìyá fúnra rẹ̀ ti rí i. Àṣìṣe kan náà ló wà nínú gbogbo wọn, kì í wo ilé iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni àánú Tíṣà fi bo àṣìṣe náà mọ́ ọn lójú, ọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè dá padà. Ìyá mí kanlẹ̀. Ó ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, kí Tíṣà lọ mú ìbéèrè mìíràn wá. Bí Tíṣà ṣe gbọ́ orúkọ yẹn, ńṣe ló sáré.

Ìsinmi bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kan sọ ìtàn sítọ́ọ̀ kan tó ní ọjà rẹpẹtẹ, ìyá sì ní dípò kí òun há ìdáhùn sórí, òun á yẹ ṣọ́ọ̀bù ọkọ òun wò. Wọ́n gba ìwé tí télọ̀ ń kọ nǹkan sí. Wọ́n kọ́kọ́ ti inú ìwé lọ sórí pẹpẹ, láti mọ̀ bóyá ohun tó kọ sílẹ̀ wà níbẹ̀. Sípù pé, bọ́tìnì pé. Wọ́n tún ti orí pẹpẹ bọ̀ wá sínú ìwé, láti mọ̀ bóyá ohun tó wà níbẹ̀ ló kọ sílẹ̀. Lábẹ́ àpò bọ́tìnì ni wọ́n ti fa aṣọ ṣòkòtò kan yọ, aláwọ̀ eérú, tí kò sí nínú ìwé rárá.

Télọ̀ dìde dúró. Aṣọ onígbàjámọ̀ òpópónà kejì ni. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló ti búra níwájú èèyàn mẹ́rin pé ọkùnrin náà ò kó aṣọ kankan fún òun. Ó gbé aṣọ sábẹ́ abíyá, ó lọ tọrọ àforíjì. Nígbà tó padà dé, orí rẹ̀ ń dán bí abọ́ tuntun. Ó ní onígbàjámọ̀ ti dárí ji òun, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà sọ pé òun á kọ́kọ́ fá orí tó gbàgbé aṣọ òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wọ́n.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìdáhùn ìyá ti yí padà. Bó bá ka ìtàn ilé iṣẹ́ kan, á dijú, á máa rìn kiri inú rẹ̀ bí ẹni tó wà níbẹ̀. Ó gba mẹ́rìnlélógójì, lẹ́yìn náà mọ́kàndínláàádọ́ta. Lọ́jọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta yìí, ó bẹ̀bẹ̀ fún ẹyọ kan tó kù. Tíṣà ò fún un. Ó ní kó tún un kọ. Ó tún un kọ, ó di mẹ́tàléláàádọ́ta, kò sì sí àánú kankan nínú rẹ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìdánwò, Tíṣà ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ó bá àwọn oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bàbá rẹ̀ so téèpù tó fi ń wọn aṣọ mọ́rí bí adé. Ìyá rẹ̀ wà láàárín wọn, ó ń kọrin, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ èyí tí ì bá fi sílẹ̀. Èsì ìdánwò ti dé: méjìdínlọ́gọ́ta. Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Tíṣà mi," ó ní, "àwọn máàkì tí o ò fún mi ló gbé mi débẹ̀."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀rẹ́ Tíṣà kan mú àròkọ tó fẹ́ fi wọ ìdíje wá bá a ní kíláàsì, ó ní kó sọ fún òun pé ó dùn. Tíṣà kà á dé ìparí. Ó mọ ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ gbọ́, ó sì mọ̀ pé sísọ ọ́ ò ní ná òun ní nǹkan kan. Ó ní ìdajì kejì dára gan-an, ṣùgbọ́n ìdajì kìíní kò tíì dára. Ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ fà ro. Tíṣà fa àga sún mọ́ ọn, ó ní kí wọ́n jọ tún un ṣe, nítorí ó ti yé e pé ẹni tó bá fẹ́ràn wa kì í fi irọ́ tù wá nínú. Òótọ́ ló máa ń sọ fún wa, á sì dúró tì wá títí a ó fi tún nǹkan ṣe.