Ẹ̀rọ Tí Àlájì Kò Jẹ́ Kó Kúrò Nílé

Abẹ̀bẹ̀ ló wà lọ́wọ́ Kaoussara lọ́jọ́ tí Zakirou kọ́kọ́ rí i. Oòrùn oṣù kẹta ti mú páànù ilé ìkẹ́rù gbóná bí agbada àkàrà, àpò kajú sì kún ilẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn, ọmọbìnrin náà jókòó lórí àpótí, ó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí kọ̀ǹpútà ńlá kan bí ìyá ṣe ń fẹ́ ẹ sí ọmọ tí ibà ń ṣe. Òógùn ń kán lágbọ̀n rẹ̀, kò nù ún.

Zakirou gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní tata, bí wọ́n ṣe ń pe àǹtí níbẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́, tata. Ṣé aláìsàn náà ti jẹun láàárọ̀?”

“Ẹ̀yin ni oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń bọ̀ láti Parakou? Àná la ti ń retí yín. Bí aláìsàn yìí bá kú, ẹ̀yin la máa mú.”

“Ọ̀nà ló fà á, tata.”

“Ọ̀nà kò lẹ́nu, ẹ lè purọ́ mọ́ ọn.” Nígbà náà ló tó rẹ́rìn-ín, ó na abẹ̀bẹ̀ sí i. “Ẹ gbà. Apá ń ro mí.”

Zakirou, ọmọ Ṣábẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Parakou, gba abẹ̀bẹ̀.

Àlájì Djibril, bàbá Kaoussara, ló ni ilé ìkẹ́rù náà ní Tchaourou. Ó ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Tchaourou, Bétérou àti Sanson. Habibath ìyàwó rẹ̀ ló ń bójú tó ẹ̀rọ títí tó fi kú. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò mọ̀wé, Habibath kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ka sí ohun tí kò lè kà. Bí wọ́n bá ti fẹnu kò, á tan ẹ̀rọ, á sọ àdéhùn náà sókè, á wá bi àgbẹ̀ léèrè pé: “Ṣé bí a ṣe sọ ọ́ yìí náà ni ọkàn yín gbà á?” Àgbẹ̀ á fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn, ẹ̀rọ á gba ohùn àwọn méjèèjì pa mọ́. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Kaoussara padà sí kíkọ àdéhùn sórí ìwé. Ìbéèrè ìyá rẹ̀ kò lè jáde lẹ́nu rẹ̀.

Zakirou gbọn erùpẹ̀ inú ẹ̀rọ, ó sì sọ òótọ́: ẹ̀rọ ti gbó. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀, àti ooru yàrá yẹn, kò ní jẹ́ kó rí ọdún kajú tó ń bọ̀.

“Ẹ lè ra tuntun, kí ooru yìí kan náà sì tún pa á. Tàbí kí a kó ohun gbogbo lọ sí kíláòdù.”

Àlájì, tí Zakirou ń pè ní tonton bí wọ́n ṣe ń pe àgbà ọkùnrin níbẹ̀, jókòó lórí ẹní, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. “Kí nìyẹn?”

“Ilé àwọn ẹ̀rọ ni, tonton. Ó jìnnà. Ooru kò mú wọn níbẹ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì la ó máa fi kó nǹkan tiwa lọ. Ohun tí Wassiou bá wọ̀n ní Bétérou, ẹ ó rí i níbí lójú ẹsẹ̀.”

Wassiou ni akọ̀wé wọn ní Bétérou. Orí alùpùpù ló máa ń gbé ìṣirò wá, nínú fílàṣì tó so mọ́ ọrùn. Bí òjò bá dá a dúró lọ́nà, Tchaourou kò ní mọ ohun tí Bétérou rà.

“Ta ló ni ilé náà?” Àlájì béèrè.

“Ilé iṣẹ́ kan ni.”

“O mọ olówó rẹ̀?”

“Rárá, tonton.”

“Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. N kì í kó àgbàdo mi sí àká ẹni tí n kò mọ ilé bàbá rẹ̀. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá wá lọ ńkọ́?”

“A ó dúró dè é ni. Ó máa ń lọ ní Tchaourou, mi ò ní parọ́ fún yín.”

Kaoussara gbójú sókè wò ó. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó ti wá ṣáájú rẹ̀ sọ pé kò sí wàhálà kankan. Eléyìí sọ wàhálà tó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Àlájì ní ẹ̀rọ òun kò ní kúrò nílé. Ọ̀rọ̀ parí.

Síbẹ̀, Zakirou ń wá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

“Erùpẹ̀ wo lẹ tún fẹ́ gbọn?” ni Kaoussara bi í. “ Sátidé tó kọjá lẹ gbọn ọ́n.”

“Erùpẹ̀ Tchaourou kì í sinmi.”

“Àbí ẹ̀yin lẹ kì í sinmi?”

Nígbà tó yá, ó dẹ́kun pípè é ní tata, ó ń pè é ní Kaoussara mi. Kaoussara ń bá a gbé oúnjẹ sílẹ̀, á sì ní ó ṣẹ́ kù ni. Ó mọ̀ pé kò ṣẹ́ kù. Zakirou náà mọ̀.

Ó rán Bassirou, àbúrò bàbá rẹ̀, sí Àlájì láti tọrọ ọmọ. Àlájì gbọ́ ọ parí kó tó dáhùn.

“Ohun méjì ni Habibath fi sílẹ̀ fún mi, ọmọ àti ẹ̀rọ. Ọmọ yín fẹ́ kó méjèèjì. Ẹ sọ fún un pé mo ní rárá.”

Zakirou kò bínú, kò sì dẹ́kun wíwá. Lọ́jọ́ kan tí àkókò ìrun Alásàrí ń sún mọ́lé, ó gbọ́ ohùn obìnrin nínú yàrá ẹ̀rọ: “Ṣé bí a ṣe sọ ọ́ yìí náà ni ọkàn yín gbà á?” Àgbẹ̀ kan dáhùn, ó fi àwàdà kún un, obìnrin náà sì rẹ́rìn-ín. Zakirou rò pé Kaoussara ni. Ó wẹ̀yìn, ó rí Kaoussara nídìí òṣùwọ̀n. Ó gba àlàfo ilẹ̀kùn yọjú wo inú yàrá. Àlájì jókòó síwájú ẹ̀rọ, fìlà rẹ̀ lórí orúnkún, ó dijú.

Zakirou rọra padà sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, kò dárúkọ kíláòdù mọ́.

Inú bí Kaoussara. “Torí kí lẹ ṣe dákẹ́? Ẹ̀rọ ń kú lọ. Ẹ da ohun inú rẹ̀ kọ, kí ẹ gbé e lọ. Bàbá kò ní mọ̀.”

“Èmi máa mọ̀.”

“Ẹ̀rù bàbá mi ń bà yín ni.”

“Kaoussara mi, ohun tó wà níbẹ̀, òun ló ni í. Bí kò bá fún mi láṣẹ, mi ò ní fọwọ́ kàn án.”

“Kí ló wà níbẹ̀ tí èmi ò mọ̀?”

Zakirou ń palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

“Ẹ máa lọ. Ẹ fi erùpẹ̀ wa sílẹ̀ fún wa.”

Sátidé tó tẹ̀ lé e dé, kò wá. Kaoussara ń wo ojú ọ̀nà, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò wò ó.

Ooru túbọ̀ le. Àlájì fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ó jó o lọ́wọ́. Bí a bá ń gbé iṣu èèbù bọ̀ láti oko nínú oòrùn, àpò ìdọ̀họ tútù la fi ń bò ó. Kẹ́ẹ̀gì omi náà, òun la fi ń dì í kó lè tutù. Ohun tí Àlájì mọ̀ láti kékeré nìyí. Ó rẹ àpò sínú omi, ó fún un, ó sì fi we ẹ̀rọ náà jẹ́jẹ́ bí ẹni ń daṣọ bo èèyàn.

Ẹ̀rọ ró pàù. Òórùn iná gba yàrá.

Kaoussara bá bàbá rẹ̀ nílẹ̀, àpò tútù lórí itan.

“Mo ní kí n tù ú lára ni,” ni Àlájì wí. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ìyá rẹ wà nínú rẹ̀.”

Kaoussara dúró. Ó rántí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ tí bàbá rẹ̀ máa ń tì bí Alásàrí bá ń sún mọ́lé. Ó rántí ọkùnrin tí kò dá a lóhùn. Ó pe Zakirou lórí fóònù, kò sọ̀rọ̀ kajú rárá. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Ohùn ìyá mi ni.”

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí alùpùpù rẹ̀ fi dé. Ó tú ẹ̀rọ, ó yọ àpótí pẹlẹbẹ kan tí ohùn gbogbo wà nínú rẹ̀, ó nù ún.

“Tonton, omi ti ba ibi tí iná ń gbà. Mi ò mọ̀ bóyá ó dé inú eléyìí. Mo fẹ́ gbé e lọ sí Parakou, níbi tí irinṣẹ́ wà. Ṣé ẹ yọ̀ǹda?”

Àlájì tẹjú mọ́ ọn. “O ti mọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?”

“Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, tonton. Mo padà sẹ́yìn.”

“O kò sọ fún ọmọ mi?”

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi.”

Kaoussara dorí kodò. Àlájì ní, “Gbé e.”

Nígbà tí Zakirou padà wá, ohùn àwọn àgbẹ̀ kan ti bàjẹ́, èyí tó pọ̀ jù kò bàjẹ́. Ó ṣí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sórí ẹní. Habibath béèrè ìbéèrè rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Àlájì.

“Níbo,” ni Àlájì béèrè, “ni àgbàlagbà kan kò ti ní lè fi àpò tútù bò ó?”

“Kíláòdù, tonton.”

“Kó ohùn rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún mi nílé.”

“Bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ká ṣe é.”

Níta, Kaoussara bá a nídìí alùpùpù. “Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀, ẹ ò bá ti sọ fún mi. Mo bú yín lásán.”

“O bú mi dáadáa. Abẹ̀bẹ̀ dà?”

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

“Ooru ń mú èmi náà.”

Ó wọlé lọ mú un wá, ó fẹ́ ẹ sí i, ojú ń tì í, kò sì dáwọ́ dúró.

Bassirou tún wá, ó gbé obì dání. Àlájì gbà á. Ó ní, “Nílé yìí, a kì í gba ọ̀rọ̀ láìgba ohùn. Kaoussara, tan ẹ̀rọ tuntun rẹ.” Ó sọ àdéhùn náà sókè: Zakirou yóò fẹ́ Kaoussara, yóò tọ́jú rẹ̀, kò ní gbé e jìnnà sí ojú bàbá rẹ̀. Ó yíjú sí Kaoussara. Ìbéèrè ló kù.

Kaoussara wo bàbá rẹ̀, ó wo Zakirou. Ó fi ìbéèrè ìyá rẹ̀ bi Zakirou.

“Ṣé bí a ṣe sọ ọ́ yìí náà ni ọkàn yín gbà á?”

“Ọkàn mi gbà á. Kí Ọlọ́run jẹ́rìí.”

Àlájì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un gbọ́. Ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tó ń béèrè, ó mi orí. Àkókò Alásàrí ti tó. Ó dé fìlà rẹ̀, ó kọjá lẹ́nu yàrá ẹ̀rọ láì yà síbẹ̀, ó gba mọ́sáláṣí lọ.